Fóònù Tó Ṣí Sílẹ̀ fún Gbogbo Ayé

3

…ni mo bá wo máàpù, mo sì rí i pé ilé ìyá rẹ̀ ni ọkọ mi wà látàárọ̀.

Awọnlẹ̀ ni ọkọ mi. Inú igbó àti etí odò niṣẹ́ máa ń gbé e lọ. Kì í lọ sílé ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́. Mo pe ìyá.

ÌYÁ ỌKỌ MI: Kò sí níbí o, ìyàwó mi. Fóònù rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Ó ti fi ta mí lọ́rẹ. Kò sọ fún ẹ ni?

Kò sọ fún mi.

4

Ohun tí ọkọ mi gbé wọlé nírọ̀lẹ́:

Fóònù dúdú kan, ó wúwo bí ọṣẹ ìfọṣọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí bí ọmọrí ìkòkò. Ó gbé e sórí tábìlì, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Ó ní àwọn tó ṣe é kò fi nǹkan kan pa mọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́, ìta gbangba ló wà. Ẹni tó bá wù ú lè kà á, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè tún un ṣe.

“Ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé,” ó wí.

Mo nawọ́ mú un. Ó béèrè nọ́ńbà. Mo tẹ ọjọ́ ìgbéyàwó wa.

Ó kọ̀.

5

Mi ò jowú.

6

(Nídìí oúnjẹ. Bí mo ṣe rántí rẹ̀ nìyí.)

ÈMI: Kí ló ṣe tàtijọ́?

ÒUN: Òfófó rẹ̀ ló pọ̀ jù. Gbogbo ibi tí mo bá rìn dé ló ń rò fún àwọn tó ṣe é.

ÈMI: Ibo lẹ rìn dé?

ÒUN: (ó rẹ́rìn-ín) Jẹun, jàre.

ÈMI: Báwo ni màá ṣe máa mọ ibi tí ẹ wà?

ÒUN: Pè mí.

Pè mí. Bí ẹni pé oníbàárà ni mí.

5, lẹ́ẹ̀kan sí i

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹ wá wò mí. Mo sanra dáadáa.

7

ÌKÉDE
(lára ògiri ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ mi)

Ẹ YẸ ÀPÒ AṢỌ YÍN WÒ KÍ Ẹ TÓ KÓ O WÁ.
OHUN TÍ A BÁ BÁ NÍBẸ̀, A Ò NÍ WÁDÌÍ RẸ̀.

Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Ọwọ́ yẹn kan náà ni mo tì bọ àpò ṣòkòtò ọkọ mi.

Ìwé pélébé kan ni mo bá. Àdírẹ́sì gbàgede orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn onífóònù yìí ti ń pàdé. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: *Bi Ẹyẹlé. Ó mọ gbogbo ẹ̀.*

Ta ló ń jẹ́ Ẹyẹlé tí kì í ṣe obìnrin?

8

GBÀGEDE. *Ẹnikẹ́ni ló lè kà á.*

OKÙN-ÌWỌ̀N: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Awọnlẹ̀ ni mí, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi sì rèé pẹ̀lú fóònù yìí. Kámẹ́rà rẹ̀ ò dáa, ó ń sọ ojú gbogbo wa di ti ẹni tó pàdé iwin. Áàpù báńkì mi kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Bátìrì ò tọ́jọ́. Àmọ́ ọkàn mi balẹ̀. Lánàá mo dúró wo odò nígbà tí mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi.

ẸYẸLÉ: Ẹ káàbọ̀ sáàárín wa. Ti báńkì yẹn, ẹ fi áàpù sílẹ̀, ẹ máa gba ojú ewé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé.

Mo ka gbólóhùn odò yẹn títí áyọ́ọ̀nù fi jó kọ́là oníbàárà mi.

Odò wo? Ta ló bá a dúró?

9

Mo fi orúkọ sílẹ̀ ní gbàgede. Aṣẹ̀ṣẹ̀dé ni mo pe ara mi.

AṢẸ̀ṢẸ̀DÉ: Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ra irú fóònù yín yìí, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí.

OKÙN-ÌWỌ̀N: Ẹ má bẹ̀rù rárá. Ẹ̀rù ba èmi náà. Kí lẹ fẹ́ mọ̀?

AṢẸ̀ṢẸ̀DÉ: Ìbéèrè mi lè jọ ti òmùgọ̀.

OKÙN-ÌWỌ̀N: Kò sí ìbéèrè òmùgọ̀. Ẹ rọra máa bi mí. Mo wà níbí.

10

Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ rọra. Ẹ máa bi mí.

Láti ọjọ́ tó ti gbé mi níyàwó, kò fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀ rí. “O” ni. “Jẹun, jàre” ni. Èyí tó dé lọ́jọ́ Ajé ti di “ẹ”.

Mo mọ̀ pé èmi náà ni. Ìyẹn ò ní kó má dùn mí.

11

Ẹyẹlé gbé àwòrán ara rẹ̀ síta. Bàbá arúgbó ni, irùngbọ̀n funfun, ọmọ-ọmọ lórí itan.

Ìṣòro mi wá bẹ̀rẹ̀. Owú tí kò rí ẹni tí yóò bà lé, ilé ló ń padà sí.

12

Ohun tí Aṣẹ̀ṣẹ̀dé mọ̀ tí ìyàwó ilé ò mọ̀:

orúnkún rẹ̀ ń dùn ún bó bá ń gun òkè
ó ti sú u láti máa làjà láàárín ọmọ ìyá tó ń jà sí ilẹ̀ bàbá wọn
ó máa ń dápàárá

Àpárá. Ọkọ mi.

12, ìyókù

AṢẸ̀ṢẸ̀DÉ: Ṣé irú rẹ̀ ni ìyàwó yín náà ń lò?

(Ó pẹ́. Mo ti lọ òkìtì aṣọ ibùsùn kan tán kó tó dáhùn.)

OKÙN-ÌWỌ̀N: Rárá. Orí máàpù ló ti máa ń rí mi. Mi ò bá a wí. Àmọ́ bí mo bá délé tí mo fẹ́ ròyìn ọjọ́ mi, á ní òun ti mọ̀, òun ti rí i pé ọ̀nà odò ni mo gbà. Ó ń rí ibi tí mo lọ. Kò bi mí rí pé kí ni mo rí níbẹ̀.

OKÙN-ÌWỌ̀N: Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ fóònù lẹ bá wá.

13

Mo bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

ÈMI: Kí lẹ rí lónìí?

ÒUN: (ó wò mí títí) Lónìí? Kò sí nǹkan kan. Ó rẹ̀ mí ni.

Ó ti sọ ọ́ tán fún Aṣẹ̀ṣẹ̀dé kó tó délé.

14

ÌPÀDÉ ONÍFÓÒNÙ. ỌJỌ́ ÀBÁMẸ́TA. ILÉ ÌKÀWÉ, YÀRÁ ÒKÈ.
ẸNI TÓ FẸ́ RÀ, KÓ WÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

OKÙN-ÌWỌ̀N: Aṣẹ̀ṣẹ̀dé, ẹ wá. Màá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí inú rẹ̀.

Kò tíì sí ẹni tó ṣí i han èmi.

15

ÒUN: Mò ń jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹnì kan ń bọ̀ tí mo fẹ́ fi fóònù yìí hàn.

ÈMI: Ọkùnrin ni àbí obìnrin?

ÒUN: Mi ò béèrè.

ÈMI: Kí lẹ fẹ́ kó jẹ́?

ÒUN: Bá mi lọ, kí o fojú ara ẹ rí i.

ÈMI: Mo níṣẹ́.

Mo níṣẹ́. Ẹnu mi ló sọ ọ́. Bí mo bá tẹ̀ lé e, ta ni yóò wá gẹ́gẹ́ bí Aṣẹ̀ṣẹ̀dé?

16

Mo fọwọ́ ara mi lọ ẹ̀wù rẹ̀. Kọ́là, apá, ìdí bọ́tìnnì. Mo fi sítáàṣì díẹ̀ sí i. Mo mọ bó ṣe máa wu obìnrin yẹn.

Ó wọ̀ ọ́. Ó wo jígí, ó lọ, ó tún padà wá wò ó. Ó fín lọ́fínńdà.

Èmi ló ń fín in fún. Kì í ṣe èmi.

17

OKÙN-ÌWỌ̀N: Mo ti dé o. Ìdí fèrèsé ni mo wà. Ẹ dà?

Mo bẹ oníbàárà tó dúró níwájú mi pé kó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Mo fa áyọ́ọ̀nù yọ. Mo ti fèrèsé.

OKÙN-ÌWỌ̀N: Mo ṣì ń dúró.

Bàtà mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀kan. Mi ò tíì mọ èwo nínú àwa méjèèjì, ìyàwó ilé àbí Aṣẹ̀ṣẹ̀dé, ni yóò wọ èkejì.