Aṣẹkẹ́ Dé Ìbàdàn

"Tántì, ẹ dẹwọ́! Ẹ má bù kún un mọ́!"

Ràfíátù kò dẹwọ́. Ó bu aṣẹkẹ́ sí àwo ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀ títí ó fi ga bí ebè, ó fi ẹja díndín tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó da ata àti àlùbọ́sà lé e lórí. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá lọ.

"Túnmiṣe, àgbà ọkùnrin ni. Ṣé ṣíbí kan ni n ó bù fún un bí ẹni ń fún ọmọ ọwọ́ lóògùn?"

Túnmiṣe ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Òun ló forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àpéjẹ ìtọ́wò yìí. Nínú gbọ̀ngàn ńlá náà, tábìlì tò lọ rẹrẹ. Olúkúlùkù gbé oúnjẹ ìlú rẹ̀ kalẹ̀, àwọn èèyàn sì ń ti ìdí tábìlì kan bọ́ sí ìdí èkejì, wọ́n ń tọ́ ọ wò. Òórùn ìgbín díndín ń bá ti ìkọ́kọrẹ́ jà. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ni ọkàn Ràfíátù ti ń fò bí ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n tú sílẹ̀.

Ìdí wà tó fi ń fò. Ọdún kejì rèé tó ti Àbíjàn padà sí Ẹ̀jìgbò, tó ń se aṣẹkẹ́ tó kọ́ níbẹ̀: ẹ̀gẹ́ rírin ni, tó kan díẹ̀, tí wọ́n fún, tí wọ́n wá fi ooru omi sè títí yóò fi dúró ní hóró-hóró. Àwọn tó ti Àbíjàn dé ń rà á. Àwọn yòókù á wò ó, wọ́n á ní, "Gàrí tó ń ṣàìsàn rèé." Ọ̀rọ̀ náà ti sú Ràmọ́nù ọkọ rẹ̀, tó ṣì ń ránṣọ ní Àbíjàn. Ó ní kó palẹ̀ mọ́, kó máa bọ̀. Ràfíátù bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gbé e dé Ìbàdàn. Bí Ìbàdàn bá kọ̀ ọ́, òun á ta ìkòkò, òun á wọ mọ́tò. Bí òun bá rí ẹni tí yóò máa gbà á lọ́wọ́ òun, òun ò lọ mọ́. Túnmiṣe sì ti sọ ẹni náà fún un: Ìyáàfin Adéwọ̀yìn, tó ní ilé oúnjẹ káàkiri ìgboro, ń bọ̀ wá ṣa oúnjẹ tuntun.

Ó gbójú sókè, ó rí ọkùnrin ẹ̀ẹ̀kan. Ó ti jẹ ṣíbí kan, ó mi orí, ó sì da ìyókù sínú garawa ìdọ̀tí, tẹja tata. Obìnrin kan tẹ̀ lé e, òun náà da tirẹ̀ nù. Garawa ti kún fún aṣẹkẹ́.

Ràfíátù gbé ṣíbí sílẹ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ ní Másífà, bí àlejò bá ṣẹ́ oúnjẹ kù, ìyá rẹ̀ kì í sùn. Oúnjẹ tí kò dùn nìkan ni wọ́n ń ṣẹ́ kù.

"Wọn ò fẹ́ ẹ." Ó de ìkòkò. "Palẹ̀ mọ́, ká máa lọ."

"Tántì, wọ́n fẹ́ ẹ! Tábìlì tó kù níwájú wọn ló pọ̀. Bí wọ́n bá yó níbí, kí ni wọ́n á fi tọ́ ti ẹlòmíì wò? Ẹ wo obìnrin oníwàrà yẹn."

Ràfíátù wò ó. Oníwàrà ń gé tirẹ̀ wẹ́wẹ́, ó ń fi igi tín-ín-rín gún un fún oníkálukú. Kò sí wàrà kankan nínú garawa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Á jẹ́ pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi da oúnjẹ mi nù! Kí ló dé tí o ò tètè sọ?"

"Mo sọ! Ẹ ní mo fẹ́ sọ yín di ahun."

Òótọ́ ni. Ràfíátù ṣí ìkòkò. Ìsàlẹ̀ ló kù. Ẹja ti tán. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan tó wọ gíláàsì wá dúró níwájú wọn, Túnmiṣe sì kúnlẹ̀ kíákíá.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyáàfin Adéwọ̀yìn."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fo ọ̀dọ̀ yín."

Ràfíátù ha ìkòkò. Ṣíbí kan ló rí. Ó gbé e fún un, láìsí ẹja, láìsí ata. "Ẹ má bínú, mà. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ni."

Ìyáàfin Adéwọ̀yìn jẹ ẹ́, ó dijú. Ó tún na àwo rẹ̀. "Ẹ fún mi sí i."

"Ó ti tán, mà."

"Ó tán báwo?"

"Tántì mi rò pé ìnáwó ìyàwó ni, mà," Túnmiṣe ní. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń tọ́ oúnjẹ wò," Ìyáàfin Adéwọ̀yìn ní, "ẹnu mi ti kú. Èyí ló jí i. Ẹ kó wá sí Ìbàdàn. Ilé ìdáná wà, ẹ wá máa sè é fún mi."

Túnmiṣe ta Ràfíátù lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ràfíátù fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ ṣeun, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá wú lónìí, òní ni mo ń rin ín. Bó bá sùn lọ́nà, èyí tó máa bàjẹ́ níbẹ̀ á pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa sè é ní Ẹ̀jìgbò, kí n máa fi mọ́tò gbé e wá."

"Ẹ le o."

"Mo le, mà. N ò lè fojú rí ìfiṣòfò."

Ìyáàfin Adéwọ̀yìn wò ó lọ, wò ó bọ̀. "Ó dáa. Màá wá wo ibi tí ẹ ti ń ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bó bá mọ́ tónítóní, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo fẹ́ ẹ."

Bó ti yí ẹ̀yìn padà, Ràfíátù di ọwọ́ Túnmiṣe mú, ó ń mì í jìgìjìgì. "Ó yá, èmi náà fẹ́ tọ́ wò!" Ó mú ṣíbí, ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ àwọn ará Ìjẹ̀bú, ó fò sídìí ìgbín. Ìgbín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Ràmọ́nù ni, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń lọ wùrù-wùrù lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Ìyá Qàwíyyàt, ṣé wọ́n jẹ ẹ́? Mo ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀ o."

"Ẹ ní kó fi àyè mi sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ wá sílé."

"Kí n wá ṣe kí ni?"

"Wọ́n ń ránṣọ ní Ẹ̀jìgbò. Mo sì ń wá ẹni tí yóò bá mi fún ẹ̀gẹ́."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ràmọ́nù béèrè bóyá òjò ti bẹ̀rẹ̀ nílé, bí ẹni tó ń ro ìrìn àjò.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀," Ràfíátù ní, ó sì na ṣíbí sí tábìlì tó kàn.