Àáró Ayọ̀wálé

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹjọ, ọdún 2023, Ayọ̀wálé Bámigbóyè kú ní Ìsánlú. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, kò tíì gbéyàwó. Kíndìnrín tí Moyinolúwa àbúrò rẹ̀ yọ fún un ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Òtútù àyà ló pa á.

Nígbà tí wọ́n ti Àbújá dé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ ló rò pé wàhálà ti tán. Ara rẹ̀ ń dán, ó ń tọ̀ bí ènìyàn gbogbo. Bàbá rẹ̀, Bámigbóyè, tí kì í sábà sọ̀rọ̀ láwùjọ, dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúpẹ́. Àmọ́ ó kíyè sí i pé ọmọ náà kì í dá àpárá mọ́. Bó bá ti gbé oògùn àárọ̀ mì, á lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, á máa wo ọ̀nà oko títí oúnjẹ á fi tutù níwájú rẹ̀.

Àgbẹ̀ ni. Òun àti Gbádéyan, Andrew àti Láwọ̀yín ló jọ ń ṣe àáró láti ìgbà tí wọ́n ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì: lónìí wọ́n á ṣiṣẹ́ lóko ẹnìkan, lọ́la lóko ẹlòmíràn, títí á fi yí ká. Nígbà tí àìsàn dé, àwọn mẹ́ta yìí kò jẹ́ kí oko rẹ̀ di igbó, wọn kò sì retí pé kó san án padà. Wọ́n sọ àáró di ọ̀wẹ̀ fún un. Gbogbo ìlú ń yìn wọ́n. Bí wọ́n bá ń ti oko bọ̀, wọ́n á yà kí i.

"Okun o, Alága," ni Andrew máa ń wí. "Jókòó jẹ́ẹ́. Ṣé o ti rí alága tó ń kọ ebè rí?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ayọ̀wálé náà á fi eyín hàn.

Ní ọdún kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, dókítà ní ó lè máa ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ lóko, bó bá ti bo imú rẹ̀, tó sì wọ ìbọ̀wọ́, nítorí oògùn tó ń lò kì í jẹ́ kí ara lè bá àrùn jà. Ó bá gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ tuntun sí ọkọ́ rẹ̀, ó gbé e wá sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi sọ fún Gbádéyan pé mo fẹ́ padà sínú àáró. Bó jẹ́ poro kan péré ni mo lè ro, kí wọ́n kà á."

"Ṣé kíndìnrín àbúrò rẹ lo fẹ́ lọ fi ṣòfò nínú iyẹ̀pẹ̀?"

"Wọ́n ń ro oko mi bí ẹni ń ro oko opó, Bàbá. Mo wà láàyè."

Bámigbóyè gba ọkọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi sókè àjà.

Ayọ̀wálé kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Bí Moyinolúwa bá pè é láti Kàbbà, á ní dáadáa lòun wà. Nígbà tí ibà àti ikọ́ mú un, kò wí fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n tó mọ̀, ó sì ti pẹ́ jù. Ohun tó sọ fún Moyinolúwa nígbà tó dé bá a lórí bẹ́ẹ̀dì ni pé òun kò fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ òun tún gbọ́ pé ara òun kò yá.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn mẹ́ta náà wá. Gbádéyan ní àwọn yóò máa bá Bàbá tọ́jú oko Ayọ̀wálé lọ. Bámigbóyè bi wọ́n pé oko ta ló kàn nínú àáró.

"Tèmi ni, Bàbá. Àmọ́ kí ẹ̀yin sinmi o," ni Gbádéyan wí.

"Mò ń bọ̀ lọ́la. Ti Ayọ̀wálé ni kí ẹ kà á sí."

Ó gbé ọkọ́ Ayọ̀wálé sọ̀kalẹ̀ láti àjà, ó lọ. Poro kan ló ro kí oòrùn tó mú. Andrew na ọwọ́ láti gba ọkọ́. Bàbá náà wò ó, Andrew sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ohun tí Ayọ̀wálé fi sílẹ̀ nìyí: páálí oògùn kan tí kò tíì tú, ìbòmú díẹ̀ nínú ọ̀rá, ìbọ̀wọ́ tí kò wọ̀ rí, bàtà oko, àga ẹ̀yìnkùlé, kíndìnrín kan ṣoṣo lára àbúrò rẹ̀, oko iṣu tí kò lépò, àti ọkọ́ kan, tí iyẹ̀pẹ̀ oko Gbádéyan ti wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí.