Búlọ́ọ̀kù Inú Garawa

7

…torí náà ni mo ṣe sọ pé yẹ̀pẹ̀ inú ilẹ̀ yìí la máa fi kọ́lé wa. Ihò tó bá ṣẹ́kù, omi òjò ni yóò máa gbà. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Bíríkìlà ni. Ogún ọdún ló ti ń to búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì.

Mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Ilé tó ń tutù láìsí fáànù ni mo fẹ́.

8. Ohun tí ilé wa kò ní í ní

Jẹnẹrétọ̀.

Igi tí a gé. (Ọ̀kan wà láàárín ilẹ̀. A mọ ògiri yí i ká. Ilé náà tẹ̀ bí ẹni tó ń yọjú wo aládùúgbò.)

Fèrèsé tó kẹ̀yìn sí atẹ́gùn.

Màámi. Ó ní òun ò ní sùn nínú amọ̀ mọ́ láyé òun.

9. Ìwé tí ìjọba lẹ̀ mọ́ ògiri

Ẹ DÁWỌ́ IṢẸ́ DÚRÓ. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù yẹ̀pẹ̀ yín kan sínú omi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ayẹléwò yóò dé lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá àárọ̀. Bí igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá pé, ẹ máa kọ́lé yín lọ. Bí ọ̀kan bá yọ́, ẹ ó wó gbogbo ògiri.

□□□□□□□□

10

Yàrá kan la háyà: èmi, ọkọ mi, Màámi, ọmọ mẹ́ta. Ògiri wa ti dé àyà mi.

11. Bí a ṣe sọ ọ́ nídìí garawa, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

ÈMI: Ṣọ́bìrì yẹ̀pẹ̀ mẹ́rìndínlógún, ṣọ́bìrì sìmẹ́ńtì kan. Kò lè yọ́.

ỌKỌ MI: Ẹnjiníà, ta ló kọ́ ẹ?

ÈMI: Ta ló kọ́ ẹyẹ?

ỌKỌ MI: Ẹyẹ kì í gbàwé ìjọba.

MÀÁMI: Ògiri amọ̀ bàbá mi wó lu ewúrẹ́ wa. Ewúrẹ́ tó lóyún!

ÈMI: Màámi, ẹ ti sọ ọ́ rí.

MÀÁMI: Màá tún un sọ. Ewúrẹ́ náà ò lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

12. Orí fóònù

*Ọjọ́rú.* Èmi: Omi ti ń pọ́n o.

*Ọjọ́bọ̀.* Èmi: Ó ti pọ́n bíi tíì!

Ọkọ mi: Má fọwọ́ kàn án.

Èmi: Mi ò fọwọ́ kàn án.

Èmi: Mo ti fọwọ́ kàn án. Ó ń bó.

13

Mi ò sunkún. Irọ́ ni. Mo sunkún. Inú garawa ni omijé mi ń kán sí.

14. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́sàn-án kọjá

Mo gbé e jáde. Amọ̀ bọ́ lára rẹ̀ bí èèpo ẹyin. Abẹ́ rẹ̀ rí bí eérú. Ó le koko.

Sìmẹ́ńtì gidi.

Kì í ṣe búlọ́ọ̀kù mi.

15

ÈMI: Ta ló fi amọ̀ pa sìmẹ́ńtì lára?

ỌKỌ MI: Má wò mí. Ká ní èmi ni, ì bá dán jù báyìí lọ.

MÀÁMI: (Amọ̀ wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.)

ÈMI: Màámi!

MÀÁMI: Kí ẹnì kan wá wólé ọmọ mi lójú mi? Èmi nìkan ni mo lè bú ilé yìí.

ÈMI: Ẹ ṣáà ní ẹ ò ní sùn níbẹ̀.

MÀÁMI: Mi ò ní sùn. Mo lè jókòó.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀.

ÈMI: Tèmi wá dà?

MÀÁMI: Mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù omi òjò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà.

16

Ọjọ́ pé, a jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù tèmi náà ti mumi tirẹ̀.

Ọkọ mi ní ká dá ti sìmẹ́ńtì padà sínú garawa. Mo ní rárá. Èmi ni màá sùn sábẹ́ ògiri yẹn, kì í ṣe ìjọba.

17

AYẸLÉWÒ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Búlọ́ọ̀kù yín dà?

ÈMI: Ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, sà.

AYẸLÉWÒ: Ta ló gbé e débẹ̀?

MÀÁMI: Ìyá rẹ̀ àgbà.

18

Apá mi ti wọ omi dé èjìká. Etí mi kan ti wọ̀ ọ́. Ọkọ mi di ẹsẹ̀ mi mú. Màámi ti ń ka igun, èmi ò sì tíì rí nǹkan kan.

Mo kàn án.

Igun kan. Èkejì. Ẹ̀kẹta.

■■■□□□□□

Ẹrẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ti dúrọ́ọ̀mù ni àbí ti búlọ́ọ̀kù, mi ò mọ̀.

Ẹ̀kẹrin. Ẹ̀karùn-ún.

MÀÁMI: Fèrèsé tèmi, ẹ jẹ́ kó kọjú sí igi yẹn.

Ẹ̀kẹfà.

Ayẹléwò ti bẹ̀rẹ̀ sórí dúrọ́ọ̀mù pẹ̀lú wa. Táì rẹ̀ ti wọnú omi.

Èkeje.

■■■■■■■□

Ẹ dúró ná, mo ń wá ẹ̀kẹjọ.