Ọkọ̀ Kì í Parọ́

Atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí ìka ọwọ́ Mùhyídéènì ṣàdédé gbóná, bí èémí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ó kọ́kọ́ rò pé oòrùn ni. Ó gbé ọwọ́ sún mọ́ ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà. Gbígbóná náà ni. Bọ́tìnnì éésì ọkọ̀ wà ní títẹ̀, iná kékeré aláwọ̀ ewé tó wà lórí rẹ̀ sì ń tàn bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Fáànù ń fẹ́. Òtútù nìkan ni kò sí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Àlàkẹ́, ìyá rẹ̀, fi etí ìborùn nu ọrùn. Ọsibítù tí wọ́n ti ń yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọn ò tíì kọjá àdúgbò Mabera, oòrùn oṣù kẹrin sì ń yan òrùlé ọkọ̀ bí ẹni ń yan ẹ̀pà.

"Màmá, ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyí."

Mùhyídéènì tẹ bọ́tìnnì náà pa, ó tún tàn án.

Nítorí atẹ́gùn yìí ni Ameerat, ìyàwó rẹ̀, ṣe padà sílé bàbá rẹ̀ ní Gidan Igwai láti ọjọ́ Jímọ̀. Ameerat ló máa ń wa Màmá lọ sí ọsibítù, torí Mùhyídéènì kì í ráyè kúrò ní ìsọ̀ tó ti ń ta wáyà àti súwíìṣì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ti lọ ni Màmá máa ń dé pẹ̀lú aṣọ tó ti rin fún òógùn, tí yóò ní ooru mú òun nínú ọkọ̀. Gbogbo ìgbà náà ni Mùhyídéènì máa ń yẹ ọkọ̀ wò nínú ọgbà. Kò kọ́ iṣẹ́ rewáyà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ àwọn nǹkan tó bàjẹ́ ló ti kọ́ ọ. Ọkọ̀ náà dàgbà ju ìgbéyàwó rẹ̀ lọ, kò sì sí wáyà kan nínú rẹ̀ tí kò mọ ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ. Ó yẹ fíùsì wò, ó dára. Ó yẹ gáàsì wò, ó pé. Ó tan éésì, ó jókòó sínú ọkọ̀ títí eyín rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá ara wọn.

Bó ṣe máa ń wá ohun tó bàjẹ́ kò le. Yóò yọ èyí tó dára kúrò, yóò tún yọ òmíràn tó dára kúrò. Èyí tó bá ṣẹ́kù, òun náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, Ameerat ló ṣẹ́kù.

Ó sì sọ ọ́ jáde, lójú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà ní Runjin Sambo. Ó ní Ameerat ló ń pa éésì mọ́ ìyá òun lórí, kí epo lè tọ́jọ́. Ameerat búra. Ó fi Yorùbá búra, ó tún fi Haúsá búra, wallahi, òun ò fọwọ́ kàn án.

"Ọkọ̀ kì í parọ́, Ameerat," ló wí fún un. "Èèyàn ló ń parọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ameerat pọn Nabilah, ọmọ wọn, ó sì lọ.

Mùhyídéènì ya ọkọ̀ sí abẹ́ igi dógóyárò kan lẹ́bàá ọ̀nà. Kò pa ẹ́ńjìnnì. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì tẹ orí ba.

Àwo irin kan wà lójú kọ̀ńpùrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú atẹ́gùn ọkọ̀ tutù, tó máa ń dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí bẹ́líìtì bá ń yí lẹ́yìn rẹ̀. Tí iná bá ti dé ibi mágínẹ́ẹ̀tì, mágínẹ́ẹ̀tì á fa àwo náà mọ́ra, tá, àwọn méjèèjì á jọ máa yí, òtútù á sì bẹ̀rẹ̀. Mùhyídéènì fẹ́ràn ìró yẹn. Ó máa ń jọ ọ́ lójú bí ìgbà tí ẹni méjì bá bọ ara wọn lọ́wọ́.

Báyìí, àwo náà dúró jẹ́ẹ́. Ó mú iná tẹ́sítà rẹ̀, ó fi ẹnu rẹ̀ kan wáyà tó wọ kọ̀ńpùrẹ́sọ̀. Kò tàn. Ó fi kan fíùsì, ó tàn. Iná ń jáde nílé, kò kàn dé ibi tó ń lọ ni. Ó ń sọnù lójú ọ̀nà.

Oníkẹ̀kẹ́ kan rọra ń kọjá, ó kí i kú iṣẹ́ ní Haúsá, "Sannu da aiki," ó sì béèrè bóyá omi ló tán nínú ọkọ̀. Mùhyídéènì dá a lóhùn, "Yauwa," kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú òun.

Màmá ní kí òun kúkú kírun àìlà níbí kí ó tó pẹ́ jù. Ó gbé búútà omi àlùwàlá rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìn igi lọ.

Tá.

Àwo náà ti dìmọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń yí. Mùhyídéènì sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ó na ọwọ́ sí atẹ́gùn. Ó tutù nini. Inú rẹ̀ dùn ná, bí inú rẹ̀ ṣe máa ń dùn nígbà tí nǹkan tó ń sá pa mọ́ bá ṣèèṣì yọ orí. Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń dúró.

Màmá kírun tán. Ó bu omi kún búútà padà lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta omi lẹ́bàá ọ̀nà, ó wọlé, ó gbé e sí ibi tó máa ń gbé e sí, láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ara ọkọ̀. Àwo náà tú ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ̀kalẹ̀."

"Ṣé ara mi ló wúwo jù fún ọkọ̀ ọ̀hún ni?"

Ṣùgbọ́n ó sọ̀kalẹ̀. Nǹkan kan ò yí padà. Kì í ṣe Màmá. Mùhyídéènì bẹ̀rẹ̀, ó gbé búútà náà kúrò: tá. Ó gbé e padà: ìró náà kú. Ó tún gbé e, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tan iná. Gbogbo ìgbà tó ń yẹ ọkọ̀ wò nínú ọgbà, ọkọ̀ òfìfo ló ń yẹ̀ wò, kò sí ìyá, kò sí búútà. Ọkọ̀ tí Ameerat ń wà, kò yẹ ìyẹn wò rí.

Ó ká kápẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ búútà náà sókè. Wáyà tó ń lọ bá kọ̀ńpùrẹ́sọ̀ nà gbọnrangandan lábẹ́ rẹ̀, ó kúrú, wọ́n sì fi téèpù dúdú wé e níbi kan. Omi inú búútà ló ń tẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì á fa wáyà, ojú ìsopọ̀ á sì là. Tí wọ́n bá gbé búútà, wáyà á sún padà, á tún fẹnu kan ara rẹ̀. Ó tú téèpù náà. Wọn kò fi lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ jó o pọ̀. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi lọ́ ọ, ó sì ti dẹ̀.

Téèpù náà, láti apá òsì ni wọ́n ti wé e. Ọlọ́wọ́ òsì ni Mùhyídéènì.

Ó wá rántí. Eku ló jẹ wáyà náà, ìgbà ọyẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ ń dùn ún fún òtútù, ó sì ní kí òun kàn lọ́ ọ pọ̀ ná, òun á padà wá jó o dáadáa. Ọyẹ́ lọ. Éésì ń tutù. Kò padà síbẹ̀.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Òun ò tiẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan. Ọ̀dọ̀ wáyà ló ti lọ gbọ́ ẹjọ́, kò sì jẹ́ kí wáyà pàápàá sọ tiẹ̀ tán.

"Kì í ṣe Ameerat, Màmá."

Màmá ń wo ojú títì. "Èmi ò sọ pé òun ni. Ooru ni mo ní ó mú mi." Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n mo dákẹ́ nígbà tí o ń sọ ọ́ sí i lójú gbogbo èèyàn. Mo mọ̀ pé mo dákẹ́."

Mùhyídéènì fi wáyà tuntun kún ti àtijọ́ kí ó lè rọ̀, ó fi kọ́nẹ́tọ̀ onísùkúrù kan láti inú àpótí irinṣẹ́ dè é pinpin. Ó tẹ kápẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Àwo náà ń yí lọ. Ó ní kí Màmá bọ́ sẹ́yìn, níbi tí oòrùn ò dé. Nígbà tí wọ́n dé ìkóríta, kò yà sí ọ̀nà ilé.

Suwaibat, àbúrò Ameerat, ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà ní Gidan Igwai. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá nínú ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ kí Mùhyídéènì náà, ó sì dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àtijọ́. Fíríìjì wa náà ò tutù mọ́ o. Ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ bá wa mú ẹni tó ń pa á."

Mùhyídéènì ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Suwaibat wọlé lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ameerat jáde, ó dúró sábẹ́ àtẹ́rígbà, Nabilah sùn lẹ́yìn rẹ̀. Mùhyídéènì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó sọ ti eku. Ó sọ ti búútà, bí omi ṣe ń tẹ kápẹ́ẹ̀tì, bí kápẹ́ẹ̀tì ṣe ń fa wáyà, ó tiẹ̀ ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe é hàn án, ohùn rẹ̀ sì ti ń dùn lọ. Ó wá gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó ti dá ẹ̀bi fún eku, ó ti dá ẹ̀bi fún búútà ìyá rẹ̀, kò sì tíì dárúkọ ara rẹ̀.

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Èmi ni mo so wáyà yẹn. Mi ò so ó dáadáa. O ò pa éésì náà rí, mo sì pè ọ́ ní òpùrọ́. Má bínú."

Ameerat wò ó.

"Ká ní ẹ ò rí wáyà yẹn ńkọ́, Bàbá Nabilah?"

Ó ya ẹnu. Kò sí ìbéèrè nípa wáyà tí kò ní ìdáhùn sí, èyí sì dà bí ìbéèrè nípa wáyà. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ameerat ò dúró gbọ́ ọ. Ó ní kò yẹ kí Màmá pẹ́ nínú oòrùn. Ó wọlé, ó mú ìborùn rẹ̀, ó sì wá jókòó ti Màmá lẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé Nabilah sí itan. Ó ní òun á sin Màmá délé. Bóyá yóò sun ibẹ̀, kò sọ, Mùhyídéènì ò sì béèrè.

Wọ́n ń lọ. Àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo. Atẹ́gùn ń jáde, ó tutù débi pé oríkèé ìka ọwọ́ rẹ̀ ń ta á. Màmá ti di ojú.

"Ooru ń mú mi," ni Ameerat wí.

Mùhyídéènì gbé ojú sí dígí. Ameerat ò wò ó. Ìta ló ń wò, níbi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń gba eruku kọjá. Kò mọ̀ bóyá oòrùn ló wà ní apá ibi tó jókòó sí, tàbí nǹkan mìíràn. Láti iwájú, ó ń gbọ́ kọ̀ńpùrẹ́sọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀: ṣùgbọ́n ó tutù.

Ó gbé e mì. Ó yí fáànù dé òpin, ó na ọwọ́ kọjá àga tó ṣófo, ó dojú ihò atẹ́gùn ibẹ̀ kọ ẹ̀yìn.

"Pẹ̀lẹ́," ló wí.

Ó ń wa ọkọ̀ lọ. Gbígba Ameerat gbọ́ yẹn ò gbà ju kí èèyàn na ọwọ́ lọ, ìyẹn gan-an ló sì wá ń dùn ún.