Omi Tí Bàbá Ń Sè

Bàbá ti na aṣọ funfun bo ẹnu ìkòkò, ó ti fi okùn dè é yíká ọrùn rẹ̀, ó wá ń fi ife irin bu omi odò lé e lórí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bọ́ ọmọ jòjòló. Omi ń kán wọlé. Ewé jíjẹrà àti iyanrìn ń kù sórí aṣọ. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin jókòó sórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó káwọ́ gbera, ó ń wò ó. Kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. Àdéhùn wọn nìyẹn.

Ìyàwó bàbá yìí ló sùn ní ọdún tó kọjá tí kò jí mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ti ń sọ ọ́ pé kó fi ilé sílẹ̀, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àkọ́bí wọn, tó jẹ́ télọ̀ nílùú kejì. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n sọ ọ́ gbọnmọ-gbọnmọ, wọ́n bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí i. Èsì kan náà ni: òun ò tíì di ẹrù, òun lè dá gbé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú u, ó ní kí àkọ́bí bá òun gun òkè tí òun àti ìyá wọn máa ń gùn lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí wọ́n ti máa ń pàgọ́ sùn. Kó kàn máa wo òun. Òun á ru ẹrù òun, òun á dáná òun, òun á wá omi òun. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ àtikó kúrò nílé mọ́. Ọmọ náà bi í pé bí kò bá lọ déédéé ńkọ́. Bàbá ti ń di ẹrù.

Ilé-iṣẹ́ omi ìlú ló ti ṣiṣẹ́, láti ìgbà tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá Olómi ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn ọmọdé a sì máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé bí bàbá náà bá sunkún, omi ẹ̀rọ ni yóò jáde lójú rẹ̀.

"Wò ó," ó ní, ó nawọ́ sí odò. "Ó mọ́ gaara, àbí? O ń rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi tó mọ́ lójú ló ń ṣe èèyàn ní jàǹbá. Èyí tó dọ̀tí, òun ti kìlọ̀ fún ẹ tẹ́lẹ̀."

"Ẹ ti ń sọ ọ́ láti kékeré wa, Bàbá."

"Torí ẹ̀ lẹ ṣe dàgbà."

Ó tú aṣọ náà, ó gbé ìkòkò ka sítóòfù, ó sì dúró tì í. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́. Kò gbé e kalẹ̀. Ó ṣàlàyé pé èyí ò tíì tó, àfi kí omi máa yí gbirigbiri nínú ìkòkò fún ìgbà díẹ̀, pàápàá lórí òkè gíga, níbi tí omi ti ń tètè hó láìgbóná tó. Lẹ́yìn náà ló dé e, ó ní kí atẹ́gùn má ṣe gbé ìdọ̀tí wọ inú rẹ̀ bó ṣe ń tutù. Ọmọ rẹ̀ ń mi orí. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ara ti ń tù ú, pé bóyá àwọn ló ṣi bàbá wọn rò.

Omi tutù. Bàbá ṣí ìdérí, ó mú ife irin tí ara rẹ̀ kò tíì gbẹ lórí àpáta, ó fi bu omi náà sínú ìgò ńlá rẹ̀, ife kan, òmíràn, títí ìgò fi kún. Ó dé e pinpin. Ojú ọmọ rẹ̀ yí padà, àmọ́ ó rántí àdéhùn wọn. Bàbá rò pé àárẹ̀ ni.

Wọ́n ń gòkè lọ. Ọ̀nà náà kò yí padà. Èèyàn ló ń yí padà. Ní ibi àpáta kan tó tẹ́ bí àga, bàbá dúró. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti máa ń jókòó fọwọ́ ra orúnkún, tí yóò ní bó bá jẹ́ pé òkè lòun fẹ́ fi ṣe ọkọ ni, òun ì bá má fẹ́ èèyàn. Ó wo àpáta náà títí, ó tún ẹrù gbé.

Níwájú díẹ̀ ni wọ́n ti pàdé ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré wà lẹ́yìn ọkùnrin náà, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n ní omi àwọn ti tán tipẹ́, ẹ̀rù sì ń ba àwọn láti mu tinú odò. Bàbá yìn wọ́n fún ìyẹn. Ó ṣí ìgò rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tàn bí ìgbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, omi tí òun bá sè kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Láti ọjọ́ tí òun ti ń sè é fún àwọn ọmọ òun, inú kò run ọ̀kan rí. Ọmọ kékeré ti nawọ́.

Àkọ́bí rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba ìgò náà, bí ẹni tó fẹ́ bá ọmọ gbé e sẹ́nu. Ìgò bọ́. Omi dà sílẹ̀ pátá, ilẹ̀ gbígbẹ sì fà á mu. Ó bẹ̀ wọ́n pé ọwọ́ òun ló yọ̀, ó yára fa ìgò tirẹ̀ tó pọn kún láti ilé yọ, ó fún ọmọ náà mu, ó sì ní kí àwọn òbí máa mú ìyókù lọ.

Bàbá dúró títí ohùn wọn fi wọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkè. Ọwọ́ tó ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ láìwò ó, ọwọ́ yẹn kì í yọ̀.

"O mọ̀ọ́mọ̀ dà á nù ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O dójú tì mí níwájú àlejò. Ṣé kí ẹ lè rí nǹkan wí, kí ẹ lè kó mi bí ẹrù?"

Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. "Ife tí ẹ fi bu omi odò, òun náà lẹ fi bu èyí tó ti hó. Omi odò ṣì wà lára rẹ̀."

Bàbá fa ife náà yọ látinú ẹrù. Ní ilé-iṣẹ́ omi, omi odò àti omi mímu kì í pàdé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní páìpù tirẹ̀, ògiri ló là wọ́n láàárín. Òun a yí irin tó ń ṣí omi, òun a da oògùn sómi, òun a wo bó ṣe mọ́ sí. Kò sí ọjọ́ kan tó lo ife lẹ́nu iṣẹ́.

Ó ní ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Ọmọ náà wolẹ̀. "Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan."

Ó wá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, tí àwọn òbí ń kó wọn wá síbí, bí bàbá bá ti rọ omi kún ìgò, tó na ara lé ẹní, tó sùn lọ, ìyá wọn a gbé ìgò náà. Yóò da omi padà sínú ìkòkò, yóò tún iná dá, yóò fi omi híhó ṣan ife àti ìgò, yóò sì rọ ọ́ padà kí bàbá tó jí. Bí wọ́n bá bi í, yóò fi ìka kan ètè.

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Mo bi í lẹ́ẹ̀kan. Ó ní inú yín máa ń dùn gan-an tí ẹ bá ń gbé omi fún wa. Ó ní iná díẹ̀ sí i kò pa èèyàn."

Bàbá rántí kẹrosíìnì. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wà lórí òkè yìí, kẹrosíìnì a tán kí wọ́n tó ṣe tán àtilọ, a sì di ìjà. Òun a ní ìyàwó òun ń fi epo ṣòfò, pé kí ló ń fi iná ṣe nígbà tí gbogbo ayé ń sùn. Ìyàwó rẹ̀ a ní òun ń gbé omi kaná láti fi fọ abọ́. Yóò gba ìbáwí náà bẹ́ẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín, yóò máa palẹ̀ ẹrù mọ́.

Wọ́n ní bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Ó ti ń sunkún láti ọdún tó kọjá, kò sì rí èyí.

Òùngbẹ ń gbẹ àwọn méjèèjì, kò sì sí omi mọ́. Wọ́n padà sódò. Bàbá kò mẹ́nu ba àdéhùn; ó jókòó sórí àpáta, ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sẹ́ omi, kó dáná, kó ri ife bọ inú omi híhó kó tó lò ó. Bí wọ́n ti ń dúró kí omi tutù, ọmọ náà ní àwọn ṣì lè pàgọ́ bí àwọn ṣe pinnu, pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní kúrò láàárín àwọn méjèèjì.

"Rárá. Sọ fún àwọn àbúrò rẹ," bàbá ní.

Ó ń wo omi tó ń ṣàn lọ. Òun tó ń fọ́nnu káàkiri pé òun lè dá gbé, òun kò tíì dá gbé rí. Kódà lórí òkè yìí, níbi tó ti gbà pé òun ló ń gbé gbogbo wọn ró.

Ó yí ojú sí ọmọ rẹ̀.

"Yàrá tí ìwọ àti ọkọ rẹ ní ẹ ti tọ́jú fún mi yẹn. Ṣé ó ní fèrèsé?"

"Ó ní méjì, Bàbá."

"Ọ̀kan ti tó," ó ní, ó sì nawọ́ gba omi.