Nọ́ńbà Kìíní Láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Ìyá Àpọ́nlé ṣì wà láyé, ó ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sóko ẹ̀gẹ́. Bàbá Àyànbọ̀dé tó ń lẹ táyà lẹ́bàá gáráàjì Ṣakí wà láyé. Ọ̀gá Akínyẹlé, tíṣà tó jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ eré ìje mọ́tò, wà láyé, bírò kì í sì í kúrò létí rẹ̀. Ọ̀dà kò tíì dé ọ̀nà Òtù. Àwọn ọmọ Ìyá Àpọ́nlé méjèèjì náà wà láyé: Ògúndìran ẹ̀gbọ́n, àti Sàlàkọ́ àbúrò.

Mẹkáníìkì ni àwọn méjèèjì. Kálukú ló ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kálukú ló sì ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ nínú eré ìje tí wọ́n ń sá lọ́dọọdún nígbà ọyẹ́, láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn. Píjò funfun ni wọ́n ń wà, wọ́n jọra bí ìbejì. Ẹni tí kò bá wo nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn kò lè mọ èwo ni ti ta.

Nọ́ńbà yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ojú rere pín. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe ipò kìíní lọ́dún tó kọjá ló ń gba nọ́ńbà kìíní lọ́dún yìí, ẹni tó ṣe ìkejì a gba ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí ti àwọn àtijọ́ bá parí sí ni àwọn ẹgbẹ́ tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀, inú fìlà Ọ̀gá Akínyẹlé ni wọ́n ti ń mú tiwọn. Ẹgbẹ́ ló sì ni nọ́ńbà, awakọ̀ kọ́. Awakọ̀ tó bá bínú kúrò, òfo ni yóò gbé lọ. Bí ẹgbẹ́ kan kò bá wá, àyè rẹ̀ a ṣófo. Lọ́dún tí à ń wí yìí, kò sí nọ́ńbà kẹfà rárá, torí pé ẹ́ńjìnnì àwọn ará Ìgànná kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá sì pààrọ̀ nọ́ńbà, ọdún mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ fi ń lé e.

Eruku ló jẹ́ kí wọ́n máa du nọ́ńbà kìíní. Nọ́ńbà kìíní ló ń kọ́kọ́ gbéra, ìkejì a tẹ̀lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lórí ilẹ̀ pupa yẹn, nínú ọyẹ́, ẹni iwájú nìkan ló ń rí ọ̀nà.

Ìbídàpọ̀, ìyàwó Sàlàkọ́, mọ ohun tí eruku lè ṣe. Ikọ́ fée ń bá ọkọ rẹ̀ jà. Lọ́dún tó kọjá, nọ́ńbà karùn-ún ló fi sáré, eruku mọ́tò mẹ́rin ló gbé mì. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ hó lọ́nà Ìpàpó, ó dúró bu omi sí i, bẹ́ẹ̀ ni Sàlàkọ́ ṣe borí, tí ẹ̀gbọ́n ṣe ìkejì. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin ni Sàlàkọ́ lò ní ọsibítù, tó ń mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Dókítà ní bó bá tún gbé irú eruku bẹ́ẹ̀ mì, kí wọ́n má wulẹ̀ gbé e wá. Nítorí náà, nígbà tí nọ́ńbà kìíní dé ọwọ́ ẹgbẹ́ Sàlàkọ́, ìyàwó rẹ̀ sùn, ó sì jí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan.

Òun náà ló ń kọ nọ́ńbà sára mọ́tò. Kò mọ̀wé púpọ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ gún. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú eré ìje, ó ti po ọ̀dà dúdú, ó ti kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn Píjò, nígbà tí Ìyá Àpọ́nlé wọ ṣọ́ọ̀bù, tí Ògúndìran ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fà wá.

"Sàlàkọ́," ni ìyá wí, "ta ló kọ́kọ́ jáde nínú mi?"

"Bọ̀ọ̀dá mi ni, Ìyá."

"Ta ló wá yẹ kó kọ́kọ́ jáde ní Ṣakí lọ́la?"

Sàlàkọ́ wolẹ̀. Ògúndìran fi sípánà họ orí. "Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá. Ṣé èmi ni n ó kọ́kọ́ jẹ eruku láyé ni?"

"Wọ́n ti ń fi kọrin ní gáráàjì, pé àbúrò ń bu yẹ̀pẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n lójú. Mi ò bí ọmọ fún wọn láti fi ṣẹ̀fẹ̀."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́." Ìbídàpọ̀ kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ rántí ọsibítù. Nọ́ńbà ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe oyè ìdílé. Bí ìgbìmọ̀ bá gbọ́ ńkọ́?"

"Ta ni yóò sọ fún wọn? Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi kọ́, Ìyá."

"Ó tán. Aṣọ ni gbogbo wọn ń fi di imú di ẹnu. Ta ló ń wo awakọ̀?"

Sàlàkọ́ mí kanlẹ̀. "Ìyá Ọmọ́wùmí," ló wí fún ìyàwó rẹ̀, "kọ ìkejì sí tiwa."

Ó kọ ọ́. Ó gbé agolo ọ̀dà, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ó kọ nọ́ńbà kìíní sára ilẹ̀kùn Ògúndìran. Ògúndìran lóṣòó tì í.

"Ìyàwó mi, má bínú. N ó rọra tẹ̀ ẹ́ títí a ó fi kọjá Òtù, kí eruku má bàa pọ̀ fún un."

Ìbídàpọ̀ nu búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ìdájí, ó wọ lọ́rì lọ sí Ìsẹ́yìn. Níbi tí eré ìje ń parí sí, ó bá Dúróríkẹ́, ìyàwó Ògúndìran, nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú àpótí oògùn rẹ̀ níwájú. Láti ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ ti dá Dúróríkẹ́ dúró sí Ìsẹ́yìn, kò mọ nǹkan kan nípa pàṣípààrọ̀. Ìbídàpọ̀ kò sì sọ. Dúróríkẹ́ kì í purọ́, ìjọ kan náà lòun àti Ọ̀gá Akínyẹlé sì ń lọ.

"Ìyàwó, jókòó," ni Dúróríkẹ́ wí. "Ọkọ tìrẹ tó wà níwájú, kí lò ń wò lọ́nà bẹ́ẹ̀? Èmi tí tèmi ń jẹ eruku, mo jókòó."

"Mò ń wò ó náà ni, Ìyá Mọ́ládé."

Aago mọ́kànlá lù. Àwọn tó gun igi máńgòrò kò rí eruku kankan. Nígbà tó yá, ọlọ́pàá kan fi alùpùpù dé láti ọ̀nà Òtù, ó sọ̀rọ̀ sétí Ọ̀gá Akínyẹlé. Akínyẹlé ṣí ìwé rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà kan, ó wo Ìbídàpọ̀. Ó ṣí fìlà.

"Ìyá Ọmọ́wùmí, ẹ fọkàn balẹ̀. Nọ́ńbà kìíní ló kọ lu agbégilódò tó takú sí kọ́nà. Awakọ̀ agbégilódò náà ṣì ń já ewé lọ́wọ́ nínú igbó, èyí tí yóò tò sójú ọ̀nà láti fi kìlọ̀, nígbà tí mọ́tò yọ sí i. Ìkejì bá ewé nílẹ̀, ó dúró. Ẹni tó wa nọ́ńbà kìíní ṣì ń mí, àmọ́ mímí náà kò pọ̀. Àyè ẹnì kan ló kù nínú jíìpù ìgbìmọ̀ tó ń lọ síbẹ̀. Ẹ wọlé."

Ohun tó kọ́kọ́ sọ nínú Ìbídàpọ̀ ni pé ọkọ òun wà láyé. Kó tó lè tijú rẹ̀, Dúróríkẹ́ ti dì mọ́ ọn.

"Èmi wà níbí," ni Dúróríkẹ́ ń wí sí i létí. "Ọmọ rẹ, ọmọ mi ni. A jọ máa tọ́ wọn. Lọ, lọ bá a."

Wọ́n ń tì í sí jíìpù. Bó bá dákẹ́, yóò lọ jókòó ti ọkọ ọlọ́kọ, ẹni tó ni ín yóò sì wà níbí tí yóò máa gbàdúrà fún un. Bó bá sọ̀rọ̀, ó ti lé Sàlàkọ́ kúrò nídìí eré. Ó fa ara rẹ̀ yọ.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wọlé, Ìyá Mọ́ládé. Bàbá Mọ́ládé ló ń wa nọ́ńbà kìíní. Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀."

Dúróríkẹ́ wo ọ̀dà dúdú tó há sí èékánná rẹ̀. Ó gbé àpótí oògùn, ó wọ jíìpù. Ọ̀gá Akínyẹlé yọ bírò létí, ó fa ìlà pa nọ́ńbà kìíní àti ìkejì rẹ́ nínú ìwé rẹ̀.

Dúróríkẹ́ bá ọkọ rẹ̀ láàyè. Ìdí igi òrí kan ni Sàlàkọ́ jókòó sí, tó gbé orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé itan, tó ń wúkọ́. Ògúndìran mọ ìyàwó rẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò tíì gbé e dé Ìpàpó tí ó fi dákẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní, ọdún 1981.