Àmì Orí Ọṣẹ

Bí omi kànga bá ń ta sánsán, ẹkún ló kan ẹni tó ni ín. Ti Ọlọ́dà, ọkùnrin tó ń kọ pátákó fún àwọn oníṣòwò, ń ta sánsán ju ìyàwó tuntun lọ. Bó bá fa omi, omi á máa hó. Bí wọ́n bá fi se oúnjẹ, ìyàwó àtọmọ á máa jẹun bí ẹni ń fọ ẹnu. Kò sì sí kànga mìíràn tí wọ́n lè pọn mu.

Ọlọ́dà ò wá ọ̀daràn jìnnà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ló ń se ọṣẹ àti ìpara lórí òkè tó wà lẹ́yìn ilé Ọlọ́dà. Kòtò ló ń da omi tó fi ṣan ìkòkò sí, kòtò ọ̀hún sì mọ ọ̀nà ilé àbúrò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi yín ti wọ kànga mi."

"Ìyẹn náà lo ń bínú sí? Owó làwọn èèyàn fi ń ra òórùn yẹn."

"Ẹ wá mu ún."

"Mo ti jẹun."

Ọlọ́dà padà sílé. Ọ̀rọ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ kì í jáde, ńṣe ló ń gba yàrá síbẹ̀.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n gbọ́ pé ìgbìmọ̀ kan ń bọ̀ wá fi ẹ̀bùn dá oníṣẹ́ tí kì í ba ilẹ̀ àti omi jẹ́ lọ́lá. Ó ya àwòrán ewé sára gbogbo ìgò ìpara, ó ra bàtà tuntun, ó sì pe àbúrò rẹ̀.

"Kọ ọ́ gàdàgbà: Ọṣẹ wa dé gbogbo ilé. Kí o fàmì ohùn sí i o. Pátákó tí ò lámì, ti púrúǹtù ni."

"Ṣé àmì lẹ fẹ́?"

"Kó pọ̀ dáadáa. Àwọn alákọ̀wé ló ń bọ̀."

Ọlọ́dà fi gbogbo àmì síbi tó yẹ, ó wá fi ẹyọ kan ṣe èènì. Ọṣẹ tí à ń fi wẹ̀ bá di ọṣẹ́ tí iná àti ogun ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n rí i pé àmì pọ̀, kò kà á, ó gbé e kọ́ síta.

Ìyá àgbà tó ṣáájú ìgbìmọ̀ dúró níwájú pátákó, ó kà á sókè. "Ọṣẹ́ wa dé gbogbo ilé." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n. "Ọ̀gá, ilé wo ló dé?"

"Ọṣẹ ni, mà, kì í ṣe ọṣẹ́."

"Ilé tèmi ló kọ́kọ́ dé, mà," ni Ọlọ́dà wí.

Wọ́n tẹ̀ lé e dé ìdí kànga. Ó fa omi, omi hó jáde nínú korobá, ó dà sórí bàtà tuntun.

"Ọ̀gá, ẹ bù ú mu."

"Mo ń gbààwẹ̀, mà."

Ìgbìmọ̀ gbé ẹ̀bùn wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

"Pa àmì yẹn rẹ́," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ dí kòtò yẹn, kẹ́ ẹ gbẹ́ ihò tí omi yín á máa wọ̀ lápá ibòmíràn. Ọjọ́ tí kànga mi bá tòrò, màá pa á rẹ́."

Bí ẹ̀gbọ́n ṣe di agbẹ́lẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń kọjá ń ka pátákó, wọ́n ń kí i pé, "Ẹ kú ọṣẹ́ o." Láràárọ̀ ló ń yọrí nínú ihò.

"Àbúrò, ṣé ó ti tòrò?"

Ọlọ́dà á wo korobá, á tún un wò.

"Ó ku díẹ̀. Ẹ máa gbẹ́ ẹ lọ."